Ọjọ́ Tí Ìyáálé Gun Tábìlì

Àlímátù tó ń ta ata gbígbẹ lọ́jà Utako tẹ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mọ́lẹ̀, ó yọ̀, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ dá. Dọ́kítà ní eegun ẹ̀ ti di kànrìnkàn, ihò ló kún inú ẹ̀.

"Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ ṣubú mọ́. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó di gìgísẹ̀ mú. Ẹ máa mu mílíìkì, ẹ máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun. Ẹ máa jókòó, kẹ́ ẹ máa dìde, kí itan yín le. Ẹ sì fi ìkúnlẹ̀ sílẹ̀ ná."

Ó gba gbogbo ẹ̀, àfi ti ìkúnlẹ̀. Sàlímọ́tù ìyáálé ẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbà á. Ọkọ wọn ti kú. Nínú gbogbo Abuja, ẹnu kan ṣoṣo ló kù tó ń pe Àlímátù, arúgbó tí eyín ẹ̀ ku méjì, ní "ìyàwó". Ìyẹn kì í sì í pe ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún kan tí ibà ń ṣe Àlímátù, tó kí i lóòró, títí ọdún fi yí po ni ìyáálé ń kọjú sí ògiri.

Nígbà tí Sàlímọ́tù wá kí wọn lọ́dún Iléyá láti Life Camp, Àlímátù ti Shakirah, ọmọ-ọmọ ẹ̀, síwájú kó bá òun kúnlẹ̀.

"Káre, ọmọ mi," ni ìyáálé wí. "Wàá bí ìbejì. Ọkọ ẹ ò ní fẹ́ ẹlòmíì lé ọ."

"Ẹ dúró ná! Àdúrà tèmi lẹ fi ń tọrẹ yẹn!"

"Orúnkún ta ló kanlẹ̀? Àbí ìbejì lo fẹ́ bí lọ́jọ́ ogbó?"

Shakirah ti ṣe àmín, ó ti gbé àdúrà wọ ilé ìdáná lọ.

Àlímátù ronú. "Ìyáálé mi, ṣebí kí orí mi ṣáà rẹlẹ̀ ju tiyín ni? Ẹ̀yin ẹ gòkè."

Ọ̀rọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu létí àwọn méjèèjì. Ẹ ò rí nǹkan! Saeed ọmọ Àlímátù àti Gafar aládùúgbò gbé ìyáálé tàgatàga, wọ́n gbé e ka orí tábìlì ìjẹun. Àlímátù dúró nísàlẹ̀, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú ọdún o, ìyáálé mi."

"Ìyàwó! Ẹ̀mí ẹ á gùn."

Omi bọ́ lójú Àlímátù. Gafar na ọwọ́ sí àga kó gbé e sọ̀.

"Má fọwọ́ kàn mí!" ni ìyáálé ké látòkè. "Dọ́kítà ní mi ò gbọdọ̀ ṣubú."

"Kai! Dọ́kítà wo, Màmá?"

"Láti èṣí leegun tèmi náà ti di kànrìnkàn. Ta ni mo fẹ́ sọ fún, kí ìyàwó mi lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Gafar ká ọwọ́ ẹ̀ kò. Saeed náà sún sẹ́yìn. Ìyáálé jẹun lókè níbẹ̀, ó jẹ ẹran, ó tún bèèrè omi. Ṣùgbọ́n Àlímátù ò lè jẹun.

"Tẹ́ ẹ bá já bọ́, ta ni á máa pè mí ní ìyàwó?"

Ó ní kí wọ́n kó gbogbo bẹ́ẹ̀dì ilé yí tábìlì ká. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wá gbé ìyáálé sọ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin.

Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe kanlẹ̀ ló ṣòfin: "Láti òní lọ, ìyàwó tó bá jókòó níwájú mi, tó sì dìde láìdi nǹkan kan mú, ó ti kúnlẹ̀."

Àlímátù jókòó. Ó mí kanlẹ̀, ó dìde.

"Ó yá, ìyáálé mi. Ẹ̀yin náà ẹ dìde ká wò ó."