Ọṣẹ Tí Dúródọlá Fi Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi Dán Wò

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kì í ṣe tèmi nìkan mọ́. Láti ìgbà tí Dúródọlá ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í po ọṣẹ àti ìpara tirẹ̀, ojú mi ló fi ń dán gbogbo rẹ̀ wò kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Olùkọ́ ni mí ní Inísà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti mọ̀ pé bí Tíṣà Olúwọlé bá wọlé pẹ̀lú àgbọ̀n pupa, ìyàwó rẹ̀ ti tún gbé nǹkan tuntun dé nìyẹn. Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkìrun, nítòsí gáréèjì. Irun dídì ló kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ máa gẹ irun ọkùnrin pẹ̀lú, ó sì lọ kọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú obìnrin wo ló ń di kílípà mú. Ó gẹ orí mi, ó ní kí n máa rìn kiri ọjà láì dé fìlà. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: kì í fi ẹnu jà, orí mi ló máa fi ń jà.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan láti Ìbà wá dirun. Tèmítọ́pẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó wálé wá kí àwọn òbí rẹ̀ ni. Bí Dúródọlá ṣe ṣí agolo ìpara, ọmọ náà bi í pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú rẹ̀?" Ìyàwó mi ní ìpara ni. Ọmọ náà ní òun mọ̀ pé ìpara ni, àmọ́ kí ni wọ́n fi ṣe é? Ó ṣàlàyé pé fígàn ni òun: òun kì í jẹ ohun tó bá ti ara ẹranko tàbí kòkòrò wá, òun kì í sì í fi para. Àwọn méjèèjì bá tẹjú mọ́ lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn agolo. Wọ́n rí ìda oyin níbẹ̀, wọ́n sì rí ọ̀rá tí wọ́n ń fọ̀ jáde lára irun àgùntàn.

Ẹlòmíràn ì bá lé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ti Dúródọlá, ńṣe ni ara rẹ̀ yá gágá. Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Dádì Ìyanu, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rá àgùntàn la ti ń fi pa orí láti ọjọ́ yìí?"

"Abájọ tí àgbò aládùúgbò fi máa ń wò mí bí ẹbí," ni mo dáhùn.

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa ṣe tèmi. Kò ní sí ohun ẹranko kankan nínú rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òrí. Èyí rọrùn: ó po òrí mọ́ òróró àgbọn, ó sì fi rọ́pò ìda. Lẹ́yìn náà ó se ilá. Mo ti jókòó ti àwo mi, mò ń retí ọbẹ̀, àfi bí mo ṣe rí i tó ń fi aṣọ sẹ́ ilá náà, tó ń da omi rẹ̀ tó ń yọ̀ sínú ìgò. Ó ní ohun tí òun yóò máa fi tú irun tó bá ta kókó nìyẹn. Inú bí mi, nítorí ebi ń pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dà á sórí Ìyanuolúwa ọmọbìnrin wa, tí ọmọ tó máa ń figbe ta bó bá ti rí kóòmù bá jókòó jẹ́ẹ́, tí kóòmù ń gba inú irun rẹ̀ kọjá geere, mo gbé ìbínú mi mì dípò ọbẹ̀ ilá.

Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ló fún wa ní wàhálà. Bí abẹ bá ti kan ojú mi báyìí, kókó wẹ́wẹ́ ni yóò sú bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, nítorí náà èmi gan-an ni oko ìdánwò. Nígbà tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọṣẹ kan, ojú mi ta bí ẹni fi ata pa á. Nígbà tó fi osùn sí òmíràn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àgbọ̀n tó pọ́n bí ẹsẹ̀ ìyá ìkókó, àwọn díákónì ò sì lè wò mí lójú. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Dúródọlá ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kì í ṣe àáké.

Nígbẹ̀yìn, ó rántí màmá mi ní Òkukù, tí wọ́n ti ń se ọṣẹ dúdú kí wọ́n tó bí mi. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n fi ń sè é, kò sí ẹran níbẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n se díẹ̀ fún òun. Màmá bi í pé ta ló fẹ́ lò ó, ó ní ọmọ kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Tèmítọ́pẹ́ ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ìkìrun. Dúródọlá ti ṣèlérí pé òun ni yóò ṣe irun rẹ̀, òun ni yóò sì fá irùngbọ̀n Adéjàre, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti pé kò ní sí ohun ẹranko kankan nínú ohunkóhun tí òun bá fi kàn wọ́n. Adéjàre máa ń sú kókó bíi tèmi, ìdí nìyẹn tó fi dá irùngbọ̀n sí. Tèmítọ́pẹ́ kò tíì fojú kan àgbọ̀n ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ rí.

Ọṣẹ Màmá dé, ó sì hó. Ó hó funfun, ó nípọn, ó dúró lójú mi títí abẹ fi kọjá. Ilẹ̀ mọ́, kò sí kókó kan ṣoṣo. Dúródọlá di orí mi mú, ó ń yí ojú mi síwá sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, a ò lè jẹun àárọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, Tèmítọ́pẹ́ àti Adéjàre wá sí ṣọ́ọ̀bù wá wò ó. Ọlidé la wà, èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tí ń dán. Dúródọlá po ọṣẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó hó, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó ní ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sè é. Ó pe Màmá, ó sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wa lè máa gbọ́ ohùn wọn.

"Màmá, ọṣẹ yín dára o. Ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó náà nìyí níwájú mi. Ẹ ṣeun gan-an ni, mà."

"Ìyàwó mi, ó gbọ́dọ̀ dára," ni Màmá wí. "Oyin igbó gidi ni mo dà sí i. Ṣé mo lè se ọṣẹ fún ẹni tó ń lọ ilé ọkọ kí n má fi oyin sí i ni? Mo gbàdúrà sí i dáadáa. Ayé wọn á dùn."

Ọṣẹ tó hó náà ṣì wà lọ́wọ́ Dúródọlá.

"Àǹtí, ẹ sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni Tèmítọ́pẹ́ wí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì dun ìyàwó mi jù. "Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbọ́kàn lé. Ẹ má bínú, mà. Adéjàre á gbé irùngbọ̀n rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà á fi omi lásán fọ irun mi."

Wọ́n lọ. Ìpara àti omi ilá tí Dúródọlá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́ lẹ́yìn èyí? Inú bí mi sí Màmá, inú bí mi sí Tèmítọ́pẹ́, inú tún bí mi sí àwọn kòkòrò oyin tó wà nínú igbó Òkukù tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Dúródọlá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

"Ẹ dìde, Dádì Ìyanu. Òkukù là ń lọ."

Nínú mọ́tò, mo ní kó bá Màmá sọ ọ́ kó le. "Mo ní kí wọ́n se ọṣẹ," ló wí. "Mi ò sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ bá wọn wí lé lórí?"

Màmá wà lábẹ́ àtíbàbà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Dúródọlá kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ojú Màmá yí padà.

"Oyin? Oyin tí a fi sọ Ìyanu lórúkọ? Ìgbà wo ni oyin di ẹran?"

"Màmá, oyin ò burú. Kòkòrò ló ń ṣe é, ọmọ náà sì ti pinnu pé òun ò ní gba nǹkan kòkòrò."

"Kí ló dé? Ṣé kòkòrò wá fẹjọ́ sùn ún ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì wò mí, mo sì panu mọ́.

"Mo ti ṣèlérí fún un, Màmá," ni Dúródọlá wí. "Bí mi ò bá mú un ṣẹ, ojú wo ni mo máa fi tún sọ fún ẹnikẹ́ni pé báyìí ni ọṣẹ mi ṣe rí?"

Màmá dìde. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ọṣẹ tí kò ní oyin jáde, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń fọṣọ. A fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó hó díẹ̀, ó sì ti pòórá kí abẹ tó débẹ̀.

"Oyin ló ń mú un hó," ni Màmá wí jẹ́jẹ́. "Àti pé, ìyàwó mi, mi ò lè fún ẹni tó ń relé ọkọ ní ohun tí kò ní adùn. Mi ò ṣe é rí."

Dúródọlá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Màmá, lọ́jọ́ ìkómọ Ìyanu, kì í ṣe oyin nìkan la fi ṣàdúrà fún un. Kí ló tún wà nínú àwo?"

"Iyọ̀," ni Màmá bẹ̀rẹ̀. "Obì. Orógbó. Ataare. Ìrèké..."

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n mú àdá, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

A bó ìrèké, a gún un lódó, a fún omi rẹ̀, a sè é títí ó fi ki. Màmá da ọṣẹ sínú odó, wọ́n ń ta omi ìrèké náà sí i díẹ̀díẹ̀, Dúródọlá ń gún un. Màmá ń wúre bó ti ń gún un pé ayé àwọn ọmọ náà á dùn bí ìrèké, wọn ò ní rí ìkorò. À ń ṣe àmín. Nígbà tó kù ká dán an wò, irun ti tán lójú mi. Wọ́n ní kí n ká ṣòkòtò sókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọṣẹ yẹn hó. Ó bo ojúgun mi, ó dúró, abẹ rọra gba inú rẹ̀ kọjá. Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Dúródọlá dì mọ́ wọn tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ mi kan ń dán, ìkejì sì kún fún irun.

Dúródọlá pe Tèmítọ́pẹ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́, òun máa yà láàárọ̀ Sátidé ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n òun ò ṣèlérí pé òun máa lò ó.

Ó wá lóòótọ́, òun àti Adéjàre. Kò jókòó. Ó wo ọṣẹ náà lórí tábìlì, ó sì béèrè ohun tó béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Àǹtí, kí ló wà nínú rẹ̀?"

Dúródọlá mú fóònù. Ó pe Màmá, ó ṣí fóònù sílẹ̀, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́.

"Eérú èèpo kòkó," ni Màmá wí. "Àdín. Omi ìrèké. Ọmọ mi, àdúrà wà níbẹ̀ o. Ìyẹn ni mi ò lè yọ kúrò. Ṣé kò ní da nǹkan rú?"

Tèmítọ́pẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má yọ ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó gbé fóònù lé orí tábìlì, ó fa Adéjàre jókòó, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ọṣẹ náà kùn ún lójú. Dúródọlá mú abẹ. Irùngbọ̀n ń já bọ́, àgbọ̀n ọkùnrin náà ń yọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kòtò kékeré kan láàárín. Tèmítọ́pẹ́ ti ìka rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà ń rẹ́rìn-ín, omi lójú, ó sì ti ń nawọ́ mú ìgò omi ilá.

A ti gbàgbé fóònù. Láti orí tábìlì la ti gbọ́ ohùn Màmá.

"Ṣé ó hó?"

"Ó hó, Màmá," ni gbogbo wa wí.