Iye Tí Mi Ò Yí Padà

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, èyí tí à ń pè ní sáfà, ni mo fi ń gba ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn ènìyàn sílé ní Effurun. Ìkànnì ilé ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn oníṣòwò ló wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ méjì tí ìlú wọn ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kì í kí ara wọn lójú títì, ṣùgbọ́n inú àpótí irin kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, nínú yàrá tí ìyàwó mi fi ń dáná kó tó kú.

Nígbà tí díìsìkì sáfà náà, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, kún, tí ìkànnì kankan ò ṣí mọ́, oníkálukú ní òun kọ́. Mo bá ṣètò rẹ̀ kí sáfà máa ka ààyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ní àràárọ̀, kó to orúkọ wọn láti orí ẹni tó lò jù, kó sì fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí ímeèlì. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ẹni tó pé ọgbọ̀n ọdún kó tó wọ ilé ìwé gíga kì í yára. Mo rò pé bí gbogbo ojú bá rí i, ẹnikẹ́ni ò ní fura sí mi.

Ìbọn ń dún lápá odò lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kejì tí ìwé náà kọ́kọ́ lọ, alága ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì wọlé pẹ̀lú géńdé méjì, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá Yorùbá, wetin be this? Àwọn yẹn wà lókè, àwa wà nísàlẹ̀. Ta ló ní kí o fún wọn ní ilẹ̀ tó ju tiwa lọ?"

"Kì í ṣe ilẹ̀. Ààyè kan náà ni mo fún yín. Ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ ló pọ̀ ju tiyín."

"Kí ni wọ́n kó síbẹ̀?"

"Tiwọn ni. Mi ò lè sọ."

Ó yíjú sí àwọn géńdé rẹ̀. "Wọ́n ti ra bàbá yìí." Ó ní kí n kọ iye kan náà fún ẹgbẹ́ méjèèjì kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á dáná sun àpótí náà.

Àgbà Ìjẹ̀bú kan tó ń ta aṣọ nítòsí gbọ́, ó wá bá mi. "Àbúrò, kí ni ti nọ́ńbà? Kọ ohun tó fẹ́ fún un. Àlejò ni wá níbí."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá purọ́ sí ti ẹnì kan, gbogbo rẹ̀ ti di irọ́."

"Òtítọ́ kì í pa iná."

"Mo mọ̀, sà."

Àwọn kan ti sá lọ sí Sapele. Èmi ò lọ. Láàárọ̀, ìwé náà lọ bó ṣe yẹ. Mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó.

Alága ò mú iná wá. Ọ̀nà mìíràn ló gbà: ó kó gbogbo àwòrán ìsìnkú, ìpàdé àti oyè jíjẹ wọn sórí ìkànnì wọn, kí orúkọ wọn lè bọ́ sókè. Lọ́jọ́ kẹta, ó dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ṣé o rí i? A ti borí wọn."

"Ẹ ti borí wọn. Ààyè yín sì ti kún. Láti àná, kò sí ímeèlì tó lè wọlé sí yín."

"Gé díẹ̀ kúrò lára tiwọn fún wa."

"Rárá."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?"

"Ó ń bà mí. Rárá náà ni."

Ó fa àga, ó ní kí n ṣí ìkànnì wọn fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ààyè lè ṣí, ó ń bú mi bó ṣe ń pa wọ́n rẹ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò bá a fọwọ́ kan nǹkan kan.