Òórùn Tí Wọ́n Fọ̀ Kúrò Nínú Ilé Bàbá Mi

Ilé mi ní Òkè Fíà kò tíì rí ẹni rà á. Lánàá, alágbàtà tó ń bá mi tà á da oògùn apakòkòrò sí pálọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, bí a bá tún un ṣe, a ò ní dín owó rẹ̀." Òórùn oògùn náà, tó dà bí ti ṣáláńgá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kọlù mí.

Òórùn yìí ló gba gbogbo ilé tí bàbá mi kọ́ sí Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àbúrò bàbá mi fẹ́ ta ilé náà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá wò ó ló ń fọwọ́ bomú jáde. Ìyá mi ń ṣàìsàn ní yàrá iwájú, ó ń wúkọ́, ó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sínú agolo, òórùn àìsàn náà sì kún ibẹ̀.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká dín owó rẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ká dín kí ni? Ilé kọ́ ló bàjẹ́. Kó ohun tó ń rùn jáde!"

Wọ́n gbé ìyá mi tẹnítẹní lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò fọ yàrá rẹ̀. Mo rò pé eré ni, pé a óò máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo ń pàtẹ́wọ́. Ìyá mi kọjú sí ògiri eléèéfín.

"Ó tó, ọmọ mi."

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni títà ilé náà fi ṣáájú ikú ìyá mi.

Lánàá, mo gba ike oògùn lọ́wọ́ alágbàtà.

"Dín owó ilé mi. Má fọ nǹkan kan."