Èrò Ìyàwó Wa Tí Mo Sọ Di Tèmi

Títí di òní, bí mo bá rí òpó ńlá níwájú ilé àtijọ́ kan, ojú máa ń tì mí díẹ̀. Kíláàsì kan ló fà á, èyí tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, ní ọdún tí ọmọ mi tó kéré jù wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Kùtù àárọ̀ ni mo máa ń lọ tún ọ́fíìsì ṣe nígbà náà. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, mo ti ṣetán. Mo rí ìwé kan lára ògiri láíbìrì pé wọ́n fẹ́ kọ́ àgbàlagbà nípa àwòrán àti ilé kíkọ́, láti ayé àwọn tó ń gbé inú ihò àpáta títí dé ìgbà tí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìjọsìn. Ọ̀fẹ́ ni. Mo ra ìwé tuntun àti bírò oríṣi mẹ́rin, mo sì sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé mo ti padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Èmi náà ni mo mú ìyàwó wa lọ. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, Nunhead ni wọ́n ń gbé. Àánú rẹ̀ ṣe mí pé òun nìkan ló ń jókòó sílé tí ọmọ rẹ̀ bá ti lọ sí ilé ìwé. Mo ní kó wá jókòó tì mí, kó máa fi gbọ́ èdè òyìnbó. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, bí ẹni tó ń mú ọmọdé lọ wo rélùwéè.

Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi àwòrán ọwọ́ tó wà lára àpáta hàn wá. Àwọn ará àtijọ́ á gbé ọwọ́ lé òkúta, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ ọ̀dà pupa yí i ká. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó wa kò kọ nǹkan kan. Ó kàn nawọ́ sókè, ó béèrè bóyá ọwọ́ obìnrin kọ́ nìyẹn, nítorí pé àwọn ìka náà rí tẹ́ẹ́rẹ́. Inú olùkọ́ dùn débi pé wọ́n dìde lórí àga. Mo wo ìwé mi tí mo fi bírò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, mo sì pa á dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. A dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n kọ́ ilé òkú tó ga ju ti alààyè lọ, a dé Gíríìsì, a dé Róòmù. Mo há orúkọ oríṣi òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àwọn ará Gíríìsì sórí. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìyàwó wa ni wọ́n máa ń bi pé kí ló rò.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká parí, olùkọ́ ní kí olúkúlùkù wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó wa ń bá mi já ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì, ojú rẹ̀ ń dán.

"Aunty, ẹ mọ church wa ní Old Kent Road? Warehouse táyà ni tẹ́lẹ̀. Àwọn Kristẹni ìgbà náà, same thing! Inú ilé ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pàdé. Nígbà tí wọ́n wá pọ̀, wọn ò fi ti tẹ́ńpìlì òrìṣà ṣe àwòkọ́ṣe. Gbọ̀ngàn tí àwọn ará Róòmù ti ń dájọ́ ni wọ́n wò kọ́ tiwọn. Ibi tí adájọ́ ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n gbé pẹpẹ sí. Ibi tí wọ́n ń to táyà sí ní tiwa, ibẹ̀ ni pastor ń dúró sí báyìí."

"Ó dáa," ni mo wí, mo sì tẹjú mọ́ ẹ̀fọ́. Mi ò lè ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀sì ti gbé mi gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, irú rẹ̀ kò sì wá sí mi lọ́kàn rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ara ọmọ rẹ̀ gbóná, kò lè wá. Olùkọ́ béèrè ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ọ̀rọ̀ òpó ni mo ti kọ sílẹ̀, ó wà nínú báàgì mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró níwájú wọn, ọ̀rọ̀ táyà ló jáde lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tiẹ̀ fi àwàdà sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí ìyàwó wa padà wá, páálí ńlá kan ló gbé lọ́wọ́. Ó ti ya ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí apá kan, ó ya gbọ̀ngàn Róòmù sí apá kejì. Kò tíì la ẹnu tí olùkọ́ fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Háà, ọ̀rọ̀ tí aunty rẹ sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí!"

Ìyàwó wa wò mí. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó yíjú sí olùkọ́.

"Yes," ó ní. "Aunty mi ló kọ́ mi."

Ó da ojú páálí náà bolẹ̀, ó jókòó.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Aunty. Ẹ ń jowú mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́." Kò pariwo rárá. "Ká ní ẹ béèrè ni, ǹ bá fún yín."

Kò padà sí kíláàsì mọ́. Èmi padà, mo sì sọ òtítọ́ fún olùkọ́. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ya àwòrán ilé, pé kí n bá àwọn fún un. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni fọ́ọ̀mù náà fi wà nínú báàgì mi. Lọ́jọ́ karùn-ún ni mo tó rìn dé Nunhead.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń ṣe báyìí. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ṣì ń wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé. A máa ń sọ̀rọ̀ ọmọ, a máa ń sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ wa. Bí mo bá béèrè iṣẹ́, á ní, "A dúpẹ́, Aunty, work is fine." Nígbà mìíràn, á dákẹ́ lójú fèrèsé kíṣìnì mi, ojú rẹ̀ á máa lọ láti òrùlé kan dé ìkejì, màá sì mọ̀ pé ohun kan ti wá sí i lọ́kàn. Mo máa ń dúró, bóyá yóò sọ ọ́. Á gbé báàgì rẹ̀, á ní ó dàbọ̀. Ẹni yòówù tó bá lọ ń sọ ọ́ fún, òun ni mò ń jowú báyìí.