Páànù Mẹ́rìnlá Ilé Soleman

Ẹgbàá mẹ́fà taka ó dín ọgọ́rùn-ún ni Soleman sọ pé Tíṣà Afsar jẹ òun. Páànù mẹ́rìnlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rin taka ó lé àádọ́ta. Èmi ni mo ta páànù náà fún un lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí náà mo mọ̀ pé kò bù mọ́ iye. Ohun tó kù láti yẹ̀ wò ni bóyá Tíṣà jẹ ẹ́ lóòótọ́. Kò yá páànù lọ́wọ́ Soleman, kò sì jí i. Odò ló gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn ká ní owó nìkan ni. Ṣùgbọ́n Soleman ti búra pé bí wọn kò bá san án, òun yóò fa Lutfa, ọmọbìnrin òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, lé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin lọ́wọ́, kó mú un lọ sí Dhaka kó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Lutfa yìí ni olórí àwọn ọmọ Síkáòtù tí Afsar ń kọ́. Òun náà ló pàṣẹ tí páànù fi bá odò lọ.

Ní Nolbari níbí ni wọ́n bí Afsar, lórí ilẹ̀ iyanrìn àárín odò Brahmaputra. Ilé bàbá rẹ̀ ṣí kúrò nígbà mẹ́sàn-án kí òun tó pé ogún ọdún. Bí etí odò bá ti ń là, aládùúgbò á dé, wọn á gun òrùlé, wọn á máa tú páànù. Páànù ni ilé. Ẹni tó bá ní páànù lè kọ́lé síbi tí odò bá jù ú sí. Ẹni tí kò ní, abẹ́ ọ̀rá ni yóò máa sùn lórí òkìtì ìdènà omi, wọn á sì máa pè é ní ará orí òkìtì títí dọjọ́ ikú. Ìdí nìyí táwọn bàbá wa fi ń sọ pé, "Èèyàn lẹ́sẹ̀, páànù ò lẹ́sẹ̀." Páànù la kọ́kọ́ ń gbé.

Bàbá Afsar fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò kan ní Chilmari, ní ìdí èbúté lọ́hùn-ún, kí wọ́n lè máa rán an nílé ìwé. Ó ń fọ abọ́ láàárọ̀, ó ń fọ abọ́ lálẹ́. Ó sọ fún mi pé kì í ṣe ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ló gbé òun dé ẹgbẹ́ Síkáòtù. Ẹyin sísè kan ni wọ́n ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ìdánrawò.

"Bàbá, ẹyin ni mo tẹ̀ lé lọ," ló wí. "Kí n tó mọ̀, mo ti mọ okùn ún so, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó dá lẹ́sẹ̀, mo sì ti lè dìde níwájú igba èèyàn kí ohùn mi má gbọ̀n."

Nígbà tó padà wálé, ó di tíṣà nílé ìwé wa, tí ìjọba ò tíì kọ sínú ìwé owó oṣù. Ìrẹsì àti ata gbígbẹ làwọn òbí fi ń san án. Lọ́dún kẹta ló kó ọmọ mẹ́jọ jọ, ó pè wọ́n ní Síkáòtù. Mo bá a ṣírò ìnáwó rẹ̀. Aṣọ ọrùn mẹ́jọ, ara sari aláwọ̀ ewé kan tí ìyàwó rẹ̀ Rahela ti lò gbó ló ti gé wọn, òwú ọgbọ̀n taka. Okùn, mo tà á fún un ní iye tí mo rà á. Fèrè kan, taka márùndínlógójì. Bàtà ò sí.

Rahela wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bàbá, ẹ má gbè é lẹ́yìn mọ́ o. Sari kan ṣoṣo ló kù fún mi. Bó bá lóun fẹ́ fi pa àgọ́ ńkọ́?"

Àwọn òbí fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Soleman lohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù: "Bí wọ́n bá mọ okùn ún so tán, ṣé odò ni wọ́n máa so mọ́lẹ̀?" Ṣùgbọ́n lọ́dún tí ìgbẹ́ gbuuru jà, àwọn mẹ́jọ yìí ló ń wọlé tọ̀ wá, tí wọ́n ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tí a ti sè. Ọmọ tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀ fún àlejò lọ́dún tó ṣáájú ń pàṣẹ fún àgbà. Lutfa ló le jù. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti bá mi wí: "Bàbá àgbà, ẹ bo ìkòkò omi yìí. Eṣinṣin ń wẹ̀ nínú ẹ̀." Mo bò ó.

Òfin kan wà tí Afsar ń tẹ̀ mọ́ wọn létí lójoojúmọ́, ó sì yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá wa: èèyàn kọ́kọ́, ẹrù tẹ̀ lé e.

Ní oṣù Bhadro, tí odò máa ń kún, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ilẹ̀ là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Soleman. Soleman wà ní Bogura, ó ń bá olóko gé ìrẹsì. Ọjọ́ ọjà ni, nítorí náà àwọn ọkùnrin tó kù wà ní Chilmari, Tíṣà náà sì wà níbẹ̀. Joygun ìyàwó Soleman ló wà nílé, pẹ̀lú ọmọ wẹẹrẹ méjì àti ìyá ọkọ rẹ̀ tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Kí ẹnikẹ́ni tó dé, àwọn Síkáòtù mẹ́jọ ti dé. Joygun ti wà lórí òrùlé, ó ń fi òòlù yọ ìṣó, ó ń ké pé kí wọ́n gòkè wá.

Lutfa wo ilẹ̀ tó là, ó wo ìyá àgbà. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Orí ẹ dàrú ni? Gòkè wá!"

Ọmọ náà fọn fèrè. Àwọn méje yòókù ò tún wojú Joygun mọ́. Wọ́n ki ọ̀pá oparun méjì bọ àpò ìrẹsì, wọ́n tẹ́ ìyá àgbà sí i, wọ́n gbé e. Ọmọkùnrin méjì fa Joygun lẹ́sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tòun ti èpè lẹ́nu rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, orúnkún ò jẹ́ kí n sáré, ni mo bá ń wo aago. Láti ìgbà tí mo gbọ́ igbe títí ilé fi wọ omi, ìṣẹ́jú márùndínlógún ni. Ẹnikẹ́ni ò kú.

Ìyá àgbà kú lọ́jọ́ kọkànlá, lábẹ́ ọ̀rá lórí òkìtì. Ibà ni.

Ibojì ìyá rẹ̀ ni Soleman bá nígbà tó dé. "Wọ́n gbà á lọ́wọ́ omi kó lè wá kú sínú ẹrẹ̀," ló ń wí fún ẹni tó bá pàdé. "Ká ní páànù wà lórí ẹ̀, ṣé ibà yẹn á mú un?"

Àwa àgbà márùn-ún jókòó sí ọ̀ràn náà ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Afsar dìde, ó ní, "Mo gbà. Èmi ni mo kọ́ wọn."

Lutfa náà dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Èmi ni mo fọn fèrè. Ẹ má gbé e kọ́ Tíṣà lọ́rùn. Gbèsè tèmi ni."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ!" ni Soleman wí. "Ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹ níbẹ̀ nìyẹn? Ó dáa. Gba Dhaka lọ kó o lọ san án."

Ni mo bá béèrè àyè. "Soleman, ìṣó mẹ́fà ló wà lára páànù kan, gbogbo ẹ̀ ló ti dípẹtà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni páànù kan, bí ọwọ́ bá yá. Ìṣẹ́jú márùndínlógún lodò fún wọn. Ká ní wọ́n pa ìyá ẹ tì pátápátá, páànù márùn-ún ni wọn ì bá rí tú. Mẹ́sàn-án tó kù, odò ló jẹ ọ́. Lọ pe odò lẹ́jọ́."

Àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó tún dá a dúró. A dá gbèsè sí páànù márùn-ún, ẹgbàajì taka ó lé àádọ́talénígba, a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Afsar bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan péré nínú ìwé náà: níwọ̀n ìgbà tóun bá ń san án lóṣooṣù, tí kò sì tíì tán, Lutfa ò ní kúrò nílé ìwé. Soleman gbà. Ó rò pé kí wọ́n tó kórè, owó á ti pé. Ọwọ́ mi ni ìwé wà.

Igba taka ni Afsar kọ́kọ́ mú wá. Oṣù kejì, igba. Oṣù kẹta, igba. Ní oṣù kẹrin, ó ta ọmọ màlúù rẹ̀, ojú mi ni wọ́n ti kawó. Mo ń retí rẹ̀. Igba ló mú wá.

"Afsar, owó màlúù ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Kí ló ń ṣe nílé?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Bàbá, ọjọ́ tí mo bá san án tán, ìwé yẹn ò dáàbò bo Lutfa mọ́. Ẹ ṣírò ẹ̀. Igba lóṣù, oṣù mọ́kànlélógún àti ẹ̀ẹ́kù. Nígbà yẹn, á ti wọ kíláàsì kẹjọ. Ọmọ tó bá dé ibẹ̀, kò rọrùn láti fà á padà."

Ogójì ọdún ni mo ti ń gba gbèsè, n kò tíì rí èyí tó jẹ́ pé àìsan án ló níyelórí. Mo pa ẹnu mọ́. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀.

Ìjì oṣù Boishakh dé, ọ̀rá orí òkìtì ya sí méjì. Lutfa wá sí ṣọ́ọ̀bù lóun nìkan.

"Bàbá àgbà, èló ló kù?"

"A ti san ẹgbèje. Ó ku ẹgbẹ̀rìnlá lé àádọ́ta."

"Tíṣà sì ní in lọ́wọ́?"

Mo ń to ìṣáná. Kò sí aládùúgbò tí kò mọ̀ pé ó ta màlúù.

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Ó ní in."

"Ìyá mi ń wúkọ́ mọ́jú. Àbúrò mi ń sùn nínú omi. Ta ni èèyàn níbẹ̀, ta ni ẹrù?"

Mo mú ọ̀pá mi, mo tẹ̀ lé e. Afsar wà lẹ́nu ilé rẹ̀, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

"Tíṣà, ẹ san owó bàbá mi tán."

"Lutfa, o mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà, èèyàn ni ẹ́!" Ó jágbe mọ́ ọn. N kò tíì gbọ́ kó jágbe mọ́ ọmọ rí.

"Èmi lẹ́sẹ̀," ni Lutfa wí.

Rahela ló wọlé, ó tọwọ́ bọ ìkòkò ìrẹsì, ó sì gbé owó náà lé orúnkún ọkọ rẹ̀. "Ẹ kà á fún wọn," ló wí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú Soleman. Ẹgbèje tó ti ń gbà díẹ̀díẹ̀ ti gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Páànù sì ti wọ́n: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lé ogún taka ni ọ̀kan. Owó yìí ra mẹ́ta, ó ku àádọ́rùn-ún, ó fi ra ìṣó. Márùn-ún ti di mẹ́ta lọ́wọ́ wa, nítorí pé a fẹ́ fi ọgbọ́n gba ọmọ sílẹ̀. N kò ní láti sọ ọ́ fún Afsar. Òun náà dúró níbẹ̀, ó ń wo òrùlé tí kò dé ìdajì ilé.

Mo fa Soleman sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Jọ̀ọ́, fi ọmọ yìí sílẹ̀."

Inú kò bí i. Ó jókòó sórí iyanrìn. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣírò. Ẹ bá mi ṣe tèmi náà. Mò ń ríṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù, irinwó taka lọ́jọ́. Ẹnu márùn-ún, ìrẹsì kílò méjì lọ́jọ́, kílò kan ọgọ́ta. Owó tí mo yá fi sin ìyá mi, àádọ́jọ lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dọ́gba, ẹ ò ní gbọ́ Dhaka lẹ́nu mi mọ́."

Mo fi igi kọ ọ́ sórí iyanrìn. Ẹgbàajì ló ń wọlé. Ìrẹsì nìkan gba ẹgbàajì dín irinwó. Gbèsè ìsìnkú jẹ ìyókù, ó sì ṣì ń béèrè, a ò tíì ra iyọ̀, a ò tíì ra oògùn ikọ́. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bó bá lọ," ni Soleman wí, "ẹnu kan á dín, ẹgbàá á sì máa wọlé. Ṣé mo ṣì í?"

"O ò ṣì í."

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ á padà lẹ́yìn ìkórè ọdún tó ń bọ̀. Ó ní bàbá kì í tọwọ́ bọ̀wé nítorí ọmọ tó bí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Lutfa bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ó bá ọlọ́kọ̀ jiyàn lórí owó ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ sì yọ ogún taka fún wọn.

Mo fi ìlà gba orí ìwé gbèsè kọjá, mo kọ "ó tán" sísàlẹ̀, mo sì mú un lọ fún Afsar. Ó wò ó, kò gbà á. Ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, òun ò fẹ́ kó wà nílé òun.