Orúkọ Ọmọ Ìyá Lára Idẹ

Ẹ má tún sọ fún mi pé ẹnu mi ló tú Dádì àti Bọ̀dá Òkè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé òkè ilé wa, ká o! Mo di kọ́kọ́rọ́ idẹ mú láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí Fẹ́sítáàkì, níwájú ère sójà iwájú ilé wa, tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó kú sógun bọ́dà. Ìyá arúgbó kan máa ń ti Àmùwò wá fọwọ́ pa orúkọ ọmọ rẹ̀ lára pátákó idẹ ibẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá Bọ̀dá Òkè níbi tó ti ń tú pátákó yẹn.

"Mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ ni, olófòófó. Wọlé!"

Fífọ̀ wo ló gba kéèyàn fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wé e, kó máa wo ọ̀tún wo òsì?

Kò pẹ́ tí Ìyá arúgbó náà fi dé. Ihò síkúrù mẹ́rin ló bá.

"Ọmọ mi, ta ló yọ ọ́?"

Mọ́mì, tó ti jáde síta, já mi léèékánná pé kí n pa ẹnu mi mọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé wọn ò gbé òkú ọmọ náà délé rárá. Mo nàka sí fèrèsé òkè: "Bọ̀dá ni!" Ìgbátí Mọ́mì ló dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?