Páànù Tí Mo Kọ Ọ̀rọ̀ Sí

Títí dòní, bí òórùn ọ̀dà bá ti kàn mí nímú, ẹ̀rín ni ń pa mí. Àárọ̀ Sátidé kan ló bẹ̀rẹ̀, ní Agége, lẹ́yìn ilé búrẹ́dì tí òórùn rẹ̀ máa ń jí wa kí màámi tó pariwo. Bàbá mi yọ́ ọ̀dà sínú agolo, wọ́n ní kí n gun òrùlé lọ dí ojú ìṣó tí omi ń gbà wọlé. Èmi ni wọ́n yàn torí pé mo tín-ín-rín. Páànù wa ti dípẹtà, kò lè gba àgbàlagbà.

Iṣẹ́ Baba Onílé ni, kì í ṣe tiwa. Àmọ́ nígbà tí màámi lọ sọ fún wọn pé òjò ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí wọ́n fi dáhùn ni pé, "Ẹ gbé abọ́ sí i." Àárín abọ́ mẹ́rin là ń sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Bí mo ṣe dí ihò tán, ọ̀dà ṣẹ́ kù, mo bá kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sórí páànù: BABA ONÍLÉ AHUN. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ jẹ búrẹ́dì mi. Ta ló fẹ́ gun òrùlé lọ kàwé?

Bàbá mi a máa sọ pé, "Amòòkùn jalè, bọ́ba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́." Mi ò rò ó pé ojú ọ̀run gan-an ni mo kọ tèmi sí.

Kò pé oṣù kan tí ìjì fi dé. Ọ̀sán ṣú bí alẹ́, atẹ́gùn ń pòòyì bọ̀ láti ojú irin, ó ń fa igi tu. A kó sábẹ́ tábìlì, màámi ń ké pe Jésù. Òrùlé wa dún gbàràgàdà, mo bá rí ojú sánmà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tó wà lára páànù tó fò lọ, ẹ̀rù mi wá di méjì.

A dúpẹ́, kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Àmọ́ páànù ilé bíi mẹ́fà ti dà pọ̀ sórí pápá, oníkálùkù ń ṣa tirẹ̀. Ọ̀kan tí kò ya wà níbẹ̀ tó dojú délẹ̀. Baba Onílé di etí kan mú, Ìyá Ràfíù tó ni ilé kejì di etí kejì.

"Tèmi nìyí!" Baba Onílé pariwo. "Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó! Mo fi Ọlọ́run búra!"

Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, páànù bá yí pa dà. Ìyá Ràfíù kà á sókè ketekete, wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Tiyín ni lóòótọ́. Orúkọ yín ló wà lára ẹ̀."

Ẹ̀rín sọ lórí pápá. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀: "Ọmọ mi ni, Bàbá. Ẹ má lé wa jáde nínú òjò yìí." Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú mi.

Baba Onílé wò mí, wọ́n wo páànù, wọ́n tún wò mí. "Páànù náà ṣì dáa," ni wọ́n wí. "Ẹ dojú ìwé ẹ̀ sínú, kẹ́ ẹ kàn án pa dà."

Yàrá wa kò ní síìlìn. Òkè ẹní mi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Bàbá mi á ní, "Kà á kó o tó sùn." Ọdún mẹ́ta ni mo fi kà á.

Èmi náà ti kọ́lé báyìí, ní Ọ̀jọ̀dú. Lásìkò òjò tó kọjá, ayálégbé mi kan pè mí lórí fóònù: "Mọ́mì, òjò ń rọ̀ sórí àwọn ọmọ mi o." Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ gbé..." Abọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbójú sókè wo síìlìn mi. Ó funfun báláú, kò sí ọ̀dà kankan lára ẹ̀. Síbẹ̀, mo kà á.

"Ẹ gbé àkàbà síta," mo ní. "Káfíńtà ń bọ̀." Kí n tó pa fóònù, mo bi í bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ ti gun òrùlé náà rí.